Kọ́pà tó jẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ràn físíìsì ti fẹ́ lọ. Kí la lè máa ṣe nílé?

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Ágíríìkì)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú wa. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo gbé wá síbí, torí mo mọ̀ pé tíṣà wà láàárín wa, àwọn tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà náà sì wà.

SS2 ni Morẹ́nikẹ́ wà. Látìgbà tó ti wọ SS1, tí wọ́n bá ti dárúkọ físíìsì, ṣe lojú ẹ̀ máa ń fà ro. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nígbà yẹn ni pé kí tíṣà kọ fọ́múlà sójú bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ dà á kọ, kí wọ́n sì lọ há a sórí. Ó há a sórí lóòótọ́. Àmọ́ tí ìdánwò bá ti yí ìbéèrè padà díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú.

Ìgbà tí wọ́n gbé kọ́pà kan wá fún wọn lọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọkùnrin yẹn ò fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó mú bébà méjì tó dọ́gba, ó rún ọ̀kan pọ̀ di róbótó, ó fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, ó wá ní èwo ló máa kọ́kọ́ balẹ̀? Ó ní kí kálukú kọ èrò ẹ̀ sínú ìwé kóun tó jù wọ́n sílẹ̀. Ìwọ̀n bébà méjèèjì ò yàtọ̀ o, síbẹ̀ èyí tí wọ́n rún ló kọ́kọ́ balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi fídíò ọdún 1971 hàn wọ́n, níbi tí David Scott, ọ̀kan nínú àwọn tí Apollo 15 gbé lọ sínú òṣùpá, ti ju òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ sílẹ̀ pọ̀, tí méjèèjì sì jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ tó máa dá ìyẹ́ dúró. Ọmọ mi délé lọ́jọ́ náà, kò tíì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù tó fi gun orí àga, tó ń ju ṣíbí àti bébà sílẹ̀.

Kọ́pà yìí náà ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ní báyìí, ọmọ tó ń sá fún físíìsì ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí ìwé láìjẹ́ pé ẹnì kan lé e síbẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àgùnbánirọ̀ yìí ti fẹ́ parí sáà ẹ̀, a ò sì tíì gbọ́ ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀. Iṣẹ́ wáyà ni mo ń ṣe, mi ò ka físíìsì débi tí mo lè fi kọ́ ọmọ. Fóònù Android kan la ní tó lè lò. A ò ní láptọ́ọ̀pù, iná ń ṣe ségesège, dátà sì wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè máa ṣe nílé tí ìfẹ́ yìí ò fi ní tutù?

Tíṣà Ìgbógbó

Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ kú àmójútó ọmọ. Físíìsì ni mò ń kọ́, inú mi sì dùn gan-an sí ohun tí kọ́pà yẹn ṣe. Ẹ kíyè sí i dáadáa: bébà dára, fídíò dára, àmọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ ibẹ̀ gan-an ni pé ó ní kí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀ ná. Ọmọ tó bá ti sọ pé "báyìí ló máa rí" ti ní nǹkan tó ń retí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, á dùn mọ́ ọn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀ ò ní balẹ̀ títí tó fi máa mọ ìdí. Ọmọ tí kò retí nǹkan kan, àwòrán lásán ló wò.

Torí náà, ohunkóhun tí ẹ bá ń lò nílé, ẹ má ṣe yí ètò yẹn padà. Kó kọ́kọ́ sọ èrò ẹ̀, kó wò ó, kó wọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn ìyẹn ni kó tó ṣí ìwé wo fọ́múlà.

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo máa dárúkọ ni PhET, ìkànnì tí ọmọ ti lè fi àwòrán tó ń rìn dán físíìsì wò. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ni ín, ọ̀fẹ́ sì ni. Carl Wieman ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2002, ọdún kan lẹ́yìn tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ẹni tó ti dé òkè téńté bẹ́ẹ̀ wá jókòó ti ọ̀rọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lóye nǹkan; ó yẹ kí àwa tíṣà ronú lé ìyẹn. PhET ń ṣí lórí fóònù. Tó bá ti ṣí tán, ẹ lè pa dátà, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn tó ní láptọ́ọ̀pù lè dáńlóòdù ẹ̀ pa mọ́.

Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń jẹ́ Projectile Motion, torí ibẹ̀ ló ti lè fi afẹ́fẹ́ sí i tàbí kó yọ ọ́. Kó gbé ìbọn inú ẹ̀ wá sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kó yọ afẹ́fẹ́, kó yìn ín ní igun 30, kó tún yìn ín ní igun 60 láìyí eré rẹ̀ padà. Ibì kan náà ni ọta méjèèjì máa balẹ̀ sí, àmọ́ ẹ má tíì sọ fún un o. Kó kọ́kọ́ kọ èrò ẹ̀. Lẹ́yìn náà kó fi afẹ́fẹ́ sí i, kó sọ bóyá wọ́n ṣì máa bára wọn mu.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan. Tí ọmọ bá kàn ń fa nǹkan síbí sọ́hùn-ún lójú fóònù, eré ló ń ṣe. Ìyẹn ò burú fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ fún un ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Ẹ̀bùté)

Ẹ má bínú o. Mo ka gbogbo ẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n WAEC ń bọ̀, JAMB ń bọ̀. Ṣé àwòrán orí fóònù á jẹ́ kọ́mọ páàsì? Tèmi wà ní SS3, mi ò fẹ́ kó fi ọdún yìí ṣeré.

Tíṣà Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè gidi lẹ bi. Fóònù nìkan ò tó. Práátíkà WAEC ń fẹ́ ọmọ tó ti fọwọ́ kan nǹkan rí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn àkókò, tó lè ya gíráàfù, tó sì lè sọ ohun tí gíráàfù náà ń wí. Ẹ wo ohun tí èèyàn lè ṣe nínú yàrá láìná kọ́bọ̀.

Ẹ so àgádágodo kan mọ́ òwú, ẹ so òwú náà mọ́ ìṣó lókè ẹnu ọ̀nà. Kó gùn ní mítà kan géérégé, láti ibi ìṣó dé àárín àgádágodo. Ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ má fà á jù, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ọmọ fi fóònù ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 ló máa gbà, ìyẹn ni pé àlọ àti àbọ̀ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ wá bi í pé: tí a bá pààrọ̀ ẹ̀ sí àgádágodo tó wúwo jù ú lọ, ṣé á yára sí i àbí á falẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń ní á yára. Kò ní yí padà, tí gígùn òwú ò bá ti yí padà. Ẹ tún bi í pé: tí a bá gé òwú sí ìdajì ńkọ́? Wọ́n á ní àkókò náà á di ìdajì. Rárá o. Kí àkókò tó lè di ìdajì, òwú gbọ́dọ̀ kù sí ìdá mẹ́rin, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 25.

Kó wọ̀n ọ́n ní gígùn oríṣiríṣi. Kó fi àkókò àlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ìlọ́po ara ẹ̀, kó sì yà á sórí gíráàfù pẹ̀lú gígùn òwú. Ìlà tó gún ló máa rí, láti ara ìlà yẹn ló sì ti máa ṣírò òòfà ilẹ̀ jáde, 9.8, nínú yàrá tó ń sùn. Ọmọ tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ rí 9.8 kì í gbàgbé ẹ̀. Irú ìbéèrè tí práátíkà máa ń gbé jáde gan-an nìyẹn.

Ìyá Ìbejì (Ẹ̀bùté)

Ẹ ṣeun, tíṣà. Àwọn ìbejì ti ń wá òwú kiri ilé báyìí.

Akin (Ìjẹ̀dẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kàwé lọ́wọ́ ní LASUSTECH níbí ní Ìkòròdú, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kóòdù ní ọjọ́ Sátidé. Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ má jẹ́ kọ́rọ̀ láptọ́ọ̀pù dà yín láàmú, sà. Áàpù kan wà fún Android tó ń jẹ́ Pydroid 3. Tí ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tán, Python inú ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú fífi kóòdù kọ́ físíìsì ni pé fóònù yẹn ò mọ físíìsì rárá. Ọmọ ló máa sọ òfin ayé fún un. Òfin náà sì kéré: ní àkókò tíńtín kọ̀ọ̀kan, òòfà ilẹ̀ á fi díẹ̀ kún eré tí nǹkan ń sá, eré yẹn náà á sì gbé nǹkan ọ̀hún sún wálẹ̀ díẹ̀. Ká sáà máa tún un ṣe lọ títí tó fi máa kanlẹ̀. Ẹ wo ti àgbọn tó já láti mítà 20 lókè (dt ni àkókò tíńtín yẹn):

ere = 0
giga = 20
akoko = 0
dt = 0.01
while giga > 0:
    ere = ere + 9.8*dt
    giga = giga - ere*dt
    akoko = akoko + dt
print(akoko, ere)

Kó ṣọ́ àlàfo tó wà níwájú ìlà mẹ́ta abẹ́ while yẹn, torí Python ò ní gbà á tí àlàfo ò bá sí. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, á rí nǹkan bíi 2.02 fún àkókò, á sì rí 19.8 fún eré. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni àgbọn náà lò lójú ọ̀run, eré tó sì fi balẹ̀ lé ní 71 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń lé ọmọdé kúrò lábẹ́ igi àgbọn. Kó fi fọ́múlà inú ìwé ṣe é, ìdáhùn méjèèjì á bára mu. Kó wá yọ 9.8 kúrò, kó fi 1.6 ti òṣùpá sí i. Àgbọn kan náà á lo ìṣẹ́jú àáyá 5.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ló kàn báyìí. Ẹ ní kó dá 9.8 padà, kó wá sọ giga di 1000, bí ẹni pé ẹ̀kán òjò já láti inú ìkùukùu tó wà ní kìlómítà kan lókè. Eré tó máa rí jẹ́ mítà 140 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ sọ ọ́ di kìlómítà láàárín wákàtí, ó lé ní 500. Bí òjò bá ń já bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sí páànù tó máa kù lórí ilé kankan láti Ìkòròdú títí dé Ìmọ̀tà. Ṣùgbọ́n òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ lé wa lórí, a sì ń rìn nínú ẹ̀. Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ kó jókòó ti ìbéèrè yẹn, kódà kó sùn kó jí tì í. Ẹ má dáhùn fún un.

Nígbà tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ ni, ẹ ní kó yí ìlà kan péré padà:

    ere = ere + (9.8 - 0.1*ere*ere)*dt

Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé bí nǹkan bá ṣe ń sáré tó ni afẹ́fẹ́ á ṣe máa tì í padà tó, títí agbára afẹ́fẹ́ á fi dọ́gba pẹ̀lú òòfà ilẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, eré ò ní lè pọ̀ sí i mọ́. Pẹ̀lú 0.1 tí mo fi síbẹ̀ yẹn, kò ní kọjá 9.9, ì báà já láti kìlómítà kan, ì báà já láti mẹ́wàá. Ẹ̀kán òjò ńlá gidi ń já ní nǹkan bíi mítà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà kan ṣoṣo ló sọ 140 di 9.9 yẹn! Mo ti rí ọmọ tó pariwo nígbà tó rí i tí nọ́ńbà yẹn dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n wá dé orí terminal velocity, ìyẹn eré tí nǹkan tó ń já ò lè kọjá mọ́, ní kíláàsì wọn, òun ló ń ṣàlàyé fún àwọn yòókù.

Tí Morẹ́nikẹ́ bá ní àbúrò tí kò tíì lè tẹ Python, Scratch ni kẹ́ ẹ fún un. MIT ló gbé e jáde lọ́dún 2007. Ṣe ni wọ́n ń to àṣẹ léra wọn níbẹ̀, kò sí títẹ lẹ́tà púpọ̀.

Alàgbà (Sábó)

Ẹ̀yin ọmọ, mò ń kà á láti òwúrọ̀. Mi ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n fóònù yìí ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ á ní òun ń ka físíìsì, ẹ ó sì bá a níbi tí wọ́n ti ń jó. Ìkejì, ìṣirò ni ìpìlẹ̀. Ọmọ tí ò lè yanjú álíjébírà, kí ni Python máa ṣe fún un?

Akin (Ìjẹ̀dẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ àgbà, sà. Ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn, òótọ́ ni, kò sí ibi tí físíìsì lè gbà yẹ ìṣirò sílẹ̀. Ohun tí mo ń rí lára àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ni pé wọ́n máa ń padà lọ bá álíjébírà fúnra wọn tí kóòdù bá gbé nọ́ńbà kan jáde tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tó ti wá. Ti fóònù, ẹ fi sí airplane mode kẹ́ ẹ tó gbé e fún ọmọ. Pydroid á ṣì máa ṣiṣẹ́, àwọn tó ń jó ò ní lè wọlé.

Alàgbà (Sábó)

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n Tọ́báìnì (Ìjẹ̀dẹ́)

Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní iṣẹ́ wáyà lẹ̀ ń ṣe, ẹ sì sọ ọ́ bí ẹni pé físíìsì ò sí níbẹ̀. Físíìsì lẹ fi ń jẹun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ọwọ́ yín mọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń há a sórí láìrí i rí.

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù hàn án. Áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì lórí iná 230 fóòtì ń fa nǹkan bí 4.3 áńpìa. Ẹ ní kó ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi wáyà tó yẹ kó gbé e àti wáyà tín-ín-rín tí kò yẹ hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, kó lọ ṣí Circuit Construction Kit nínú PhET, kó so ó bí ẹ̀yin ṣe ń so ó. Ibẹ̀ ló ti lè ṣe síọ́ọ̀kì tó máa gbiná láìjó ilé. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń mú wá nínú wáyà náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n láti ibi wáyà tó yọ́ sínú odi. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ìyẹn tán. A wà ní Ìkòròdú, a sì ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ò ní. Ẹ̀rọ amúnáwá Ẹ̀gbin wà níbí lẹ́bàá ọ̀sà: ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwáàtì 220 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ 1,320. Gáàsì ni wọ́n ń dá, wọ́n fi ń se omi, oru omi ló ń yí tọ́báìnì, tọ́báìnì sì ń yí òòfà ńlá láàárín wáyà. Ohun tí Michael Faraday rí lọ́dún 1831 nìyẹn, pé òòfà tó bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà á mú iná jáde nínú ẹ̀. Faraday's Law wà nínú PhET. Ẹ ní kí ọmọ gbé òòfà sínú wáyà tí wọ́n ká, kó dúró síbẹ̀. Gílóòbù á kú. Òòfà ṣì wà níbẹ̀ o, agbára ẹ̀ ò dín, àmọ́ gílóòbù kú. Bí ọmọ bá lè ṣàlàyé ìyẹn, ó ti mọ ìdí tí tọ́báìnì kì í fi í dúró.

Áàpù míì tún wà tó ń jẹ́ phyphox. Yunifásítì RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2016, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ń sọ gbogbo ohun tó ń gbọ́ràn tó ń mọ ìmìtìtì nínú fóònù di irinṣẹ́ láàbù. Ní ọjọ́ tí iná bá wà, ẹ jọ rìn dé ìtòsí tíránsífọ́mà àdúgbò. Ẹ dúró lójú títì, ẹ má sún mọ́ fẹ́ǹsì ẹ̀ rárá. Ẹ ṣí Audio Spectrum nínú phyphox, ẹ jẹ́ kó gbọ́ hùùn tí tíránsífọ́mà ń hu. Á fi òkè ṣóńṣó kan hàn yín ní 100. Iná wa ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ló dé tí ohùn fi jẹ́ 100? Torí irin inú ẹ̀ ń nà, ó ń sún kì, lẹ́ẹ̀kan tí iná bá lọ àti lẹ́ẹ̀kan tó bá bọ̀. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ẹ̀rọ yìí, ó ṣì máa ń wú mi lórí pé fóònù inú àpò lè ka ìyẹn láti ìta.

Bísí (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà, ibẹ̀ náà ni mo ti ka ẹnjiníà, ní kọ́ńpáàsì LASU. Nítorí pé ọmọbìnrin lọ́rọ̀ kàn ni mo ṣe dá sí i.

Bàbá Morẹ́nikẹ́, ẹ wá ẹnì kejì fún un. Ẹyọ kan tó, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ nílé ìwé. Ọmọbìnrin tó bá dá nìkan ń ṣe físíìsì, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn tètè máa ń mú un rẹ̀ ẹ́. "Ṣé ọkùnrin lo fẹ́ dà ni?" Wọ́n á sọ ọ́. Tí wọ́n bá jẹ́ méjì, wọ́n á jọ máa jiyàn, iyàn jíjà yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí èèyàn lóye.

Nǹkan tí ènìyàn méjì lè fi phyphox ṣe rèé. Fóònù méjì, pápá tó pa rọ́rọ́, okùn tí wọ́n wọ̀n ní mítà 17. Kí kálukú dúró ní ìparí okùn kan pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, kí wọ́n ṣí Acoustic Stopwatch. Ẹni àkọ́kọ́ á pàtẹ́wọ́, aago méjèèjì á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì á pàtẹ́wọ́, aago méjèèjì á dúró. Àkókò tó wà lórí fóònù méjèèjì ò ní dọ́gba! Ìyàtọ̀ wọn ni àkókò tí ohùn fi rin mítà 34, torí ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ó sì tún pẹ́ kó tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ó máa ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí wọ́n fi ìyàtọ̀ yẹn pín 34. Ìwé wọn á sọ pé 340 ni eré ohùn. Wọ́n lè rí bíi 349, ìyẹn ò sì túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì í: ohùn máa ń sáré sí i bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná, 340 jẹ́ ti ibi tó tutù tó nǹkan bíi 15 lórí ìwọ̀n ooru, ti ọ̀sán wa níbí sì ń lọ sí 30. Kí wọ́n dúró ti nọ́ńbà tí wọ́n wọ̀n.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí dátà, ẹ ṣí Web VPython lórí glowscript.org. Bí Akin ṣe kọ kóòdù yẹn náà ni, àmọ́ nǹkan tó ń já á máa hàn lójú, èèyàn lè yí i ká wò ó. David Scherer ló kọ VPython àkọ́kọ́ lọ́dún 2000, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon. Ẹ sọ ìyẹn fún Morẹ́nikẹ́: akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́.

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Ágíríìkì)

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣe ti òjò. Alẹ́ ló tẹ kóòdù yẹn, ó rí 140, ó ní fóònù ti yawèrè. Nígbà tó di ìdájí, ó wá kanlẹ̀kùn mi, ó ní "Bàbá, afẹ́fẹ́ ni, bíi ti bébà yẹn." Èmi náà ò sùn mọ́.

Áyọ́ọ̀nù náà, a ti ṣe é. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé wáyà fún un, ó ń kọ ohun tí mo ń sọ sílẹ̀. Ọmọ mi ò kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀ rí.

Ó ní ìbéèrè kan tó ní kí n bi yín. Kànga wà nínú kọ́ńpáǹdì wa, pọ́ńpù tó ń fà á sì jókòó sórí ilẹ̀. Lásìkò òjò, ó ń fa omi dáadáa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, pọ́ńpù á máa yí, kò ní mú omi wá, bẹ́ẹ̀ omi wà nínú kànga, à ń rí i. Mo ti tú pọ́ńpù yẹn wò, kò sóhun tó ṣe é. Ó ní kí ló dé?

Tíṣà Ìgbógbó

Ìbéèrè tó bi yìí lágbára gan-an. Ẹ bi í padà ná: kí ló ń gbé omi gòkè? Á ní pọ́ńpù ló ń fà á. Pọ́ńpù orí ilẹ̀ ò fa omi. Ṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ orí omi kànga mọ́lẹ̀ ló wá ń ti omi gòkè. Agbára afẹ́fẹ́ ìta yẹn ní ìwọ̀n. Torricelli, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, fi hàn ní Ítálì lọ́dún 1643 pé ó lè gbé mẹ́kúrì, irin tó máa ń ṣàn bí omi, ró dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 76. Omi fúyẹ́ ju mẹ́kúrì lọ dáadáa, torí náà tirẹ̀ á dé nǹkan bíi mítà 10.3, kò lè jù bẹ́ẹ̀, pọ́ńpù yẹn ì báà lágbára tó ti Ẹ̀gbin. Nílé wa, nítorí páìpù àti ojúùsopọ̀ tó ń mí, tó bá ti kọjá mítà 7 tàbí 8, ó ti di wàhálà.

Nítorí náà kó lọ wọn bí omi ṣe jìn tó láti ibi tí pọ́ńpù jókòó. Kí àgbà dúró tì í lẹ́nu kànga. Kó sì kọ èrò ẹ̀ sílẹ̀ kó tó ju okùn sí i.

Bàbá Morẹ́nikẹ́ (Ágíríìkì)

A ti wọ̀n ọ́n, èmi ni mo di okùn mú. Mítà mẹ́jọ ló kọ sínú ìwé. Ohun tí okùn sọ ni mítà mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Ó ní nígbà òjò òun á tún un wọ̀n, kóun mọ ibi tí omi máa ń gòkè dé tí pọ́ńpù fi ń ṣiṣẹ́. Mo ti ṣàlàyé fún lándílọ́ọ̀dù pé pọ́ńpù ò bàjẹ́, sumo tó ń wọ inú omi lọ ló máa yanjú ẹ̀, torí ìyẹn ń ti omi láti ìsàlẹ̀ ni. Ó ní kí n ṣírò iye tó máa ná wa pẹ̀lú wáyà ẹ̀.

Akin, mo fẹ́ máa mú un wá sí Ìjẹ̀dẹ́ ní Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Aago mélòó lẹ máa ń bẹ̀rẹ̀?

Akin (Ìjẹ̀dẹ́)

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀, sà. Kí wọ́n gba agbára sínú fóònù wọn kí wọ́n tó máa bọ̀, kó sì mú ìwé tó ń kọ èrò ẹ̀ sí dání. Mo fẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ kànga yẹn fún àwọn yòókù.